Ẹ̀ṣẹ́ obìnrin 57kg: báwọn ọ̀gá àjọ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, tó wá dorí àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ ríìngì

Látìgbà tí ìdíje àgbáyé ẹ̀ṣẹ́ ti parí ní Liverpool ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni mo ti ń rí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa wéètì 57kg àwọn obìnrin. Àwọn kan ní wọ́n lé ọkùnrin kan dànù, àwọn míì ní wọ́n fìyà jẹ obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń pè mọ́ fọ́tò ẹlòmíì. Lin Yu-ting ọmọ Taiwan, tó gba góòlù 57kg ní Òlíńpíìkì Paris 2024 tí kò sì sí ní Liverpool, lọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé lórí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sì jìnnà sí Liverpool, ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀ torí ó kan àwọn ọmọbìnrin tiwa náà tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Èkó àti kárí Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti wéètì yẹn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. 57kg làwọn èèyàn ẹ̀ṣẹ́ ń pè ní featherweight. Ọmọ tó bá fẹ́ jà níbẹ̀ ò gbọdọ̀ ju kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ, bó bá sì wà ní 54 wálẹ̀, wéètì míì nìyẹn. Nínú ẹ̀ṣẹ́ Òlíńpíìkì, àárọ̀ ọjọ́ tóo máa jà lo máa gun ìwọ̀n, bóo bá borí, ọjọ́ tóo bá tún máa jà wàá tún un gùn, kì í ṣe bíi tàwọn pọ̀fẹ́ṣánnà tí wọ́n á gun ìwọ̀n lónìí, tí wọ́n á jẹun, tí wọ́n á mumi, kí wọ́n tó wá jà lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ dé fáínà lè gun ìwọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ gíráàmù kan lórí. Ìjà fúnra ẹ̀ jẹ́ ráúńdì mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, adájọ́ márùn-ún jókòó yí ríìngì ká. Ìdí nìyẹn tí kílò mẹ́ta tó wà láàárín 57 sí 60 fi lè yí ìgbésí ayé èèyàn padà.

Ẹ wo Birmingham 2022, níbi ìdíje Commonwealth. Ọmọ wa Cynthia Ogunsemilore, ọmọ Bariga, gba mẹ́dàlì idẹ ní 60kg. Ẹni tí wọ́n jọ gba idẹ ni Jaismine Lamboria ọmọ Íńdíà, torí nínú ẹ̀ṣẹ́, àwọn méjì tó bá ṣubú ní sẹ́mì fáínà ni wọ́n máa ń fún, wọn kì í jà fún ipò kẹta. Amy Broadhurst ọmọ Northern Ireland ló gba góòlù, ẹ fi orúkọ ẹ̀ sọ́kàn torí a ṣì máa bá a pàdé nísàlẹ̀.

Jaismine yìí, Bhiwani ní ìpínlẹ̀ Haryana ni wọ́n ti tọ́ ọ, ìdílé ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni wọ́n, inú ẹbí Hawa Singh tó gba góòlù Asian Games nígbà ayé ẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí Òlíńpíìkì Paris 2024 ń bọ̀, Parveen Hooda tó ti gba àyè 57kg fún Íńdíà kó sí wàhálà, wọ́n dá a dúró torí kò jẹ́ káwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn mọ ibi tó wà bó ṣe yẹ, Íńdíà sì pàdánù àyè yẹn. Ni Jaismine bá já wéètì láti 60 sí 57, ó lọ Bangkok, ó gba àyè náà padà. Ó wá dé Paris, ìjà àkọ́kọ́ báyìí ni Nesthy Petecio ọmọ Philippines nà án, ó di ilé. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, òun ló gba góòlù àgbáyé ní 57kg ní Liverpool. Ìgbà tí mo rí i lórí pódíọ̀mù ọjọ́ yẹn, Cynthia ló sọ sí mi lọ́kàn.

Torí Cynthia náà lọ Paris o. Dakar ló ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní 2023. Àmọ́ nígbà tó ku ọ̀la kó jà, ìyẹn July 28, 2024, àjọ International Testing Agency tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn fáwọn eléré ìdárayá dá a dúró, wọ́n ní ìtọ̀ táwọn gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní July 25 ní furosemide nínú. Oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ ni furosemide, dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tára ẹ̀ bá ń wú tàbí tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ga, wọ́n fòfin dè é fún eléré ìdárayá torí ó lè já wéètì wálẹ̀ kíá, ó sì lè bo oògùn míì mọ́lẹ̀ nínú ìtọ̀. Mi ò sọ ìyẹn láti dá ọmọ yẹn lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní àwọn wéètì fúyẹ́ wọ̀nyí, ìwé láàbù kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ó yẹ kí òfin tó wà lẹ́yìn ìwé náà dájú, kí gbogbo ayé sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Òfin tó dájú yẹn gan-an ni 57kg ò ní.

Ẹni tí gbogbo ariwo yìí dá lé lórí ni Lin Yu-ting, ọmọ Taiwan tí wọ́n bí ní 1995. Ó ga, ọwọ́ ẹ̀ gùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jà látòkèèrè. Kì í ṣe ẹni tó ṣàdédé yọjú ní Paris o, àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ́ obìnrin ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó gba góòlù àgbáyé ní 54kg ní 2018, ó gba òmíì ní 57kg ní Istanbul ní 2022 níbi tó ti na Irma Testa ọmọ Ítálì. Àwọn ọmọbìnrin ti na òun náà: ní Òlíńpíìkì Tokyo, Petecio tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló lé e jáde níjà àkọ́kọ́. Obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, obìnrin ló sì ń bá jà látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá di oṣù kẹta 2023, ìdíje àgbáyé ń lọ ní New Delhi. Àjọ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ nígbà yẹn ni IBA, Umar Kremlev ọmọ Rọ́ṣíà ni alága ẹ̀. Ìdíje ń parí lọ ni IBA kéde pé àwọn ti yọ Lin àti Imane Khelif ọmọ Algeria tó ń jà ní 66kg, wọ́n ní wọn ò yege nínú àyẹ̀wò táwọn ṣe. Wọ́n gba idẹ Lin lọ́wọ́ ẹ̀. Ti Khelif tún le jù, ó ku díẹ̀ kó jà fáínà ni wọ́n dá a padà. Irú àyẹ̀wò wo ni? Láàbù wo ló ṣe é, kí ni èsì ẹ̀ sọ? IBA ò fi ìwé kankan han gbogbo ayé, Kremlev sì ń sọ tẹnu ẹ̀ fáwọn oníròyìn Rọ́ṣíà. Nígbà tó yá, IOC, ìyẹn àjọ Òlíńpíìkì àgbáyé, ní ìpinnu ọ̀hún ṣe wọn ní kàyéfì, pé wọ́n ṣe é lójijì láìtẹ̀lé ìlànà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, a ò sì tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì tí Lin ti pàdánù mẹ́dàlì.

Ẹ má rò pé torí Lin àti Khelif ni IOC àti IBA fi bẹ̀rẹ̀ ìjà o. Ìjà yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 2019 ni IOC ti dá àjọ náà dúró nítorí ọ̀rọ̀ owó, ìṣàkóso tí kò dáa àti àwọn adájọ́ táwọn èèyàn ò fọkàn tán mọ́. IOC fúnra ẹ̀ ló gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ṣètò ẹ̀ṣẹ́ ní Tokyo, àwọn náà ló ṣe é ní Paris. June 22, 2023 ni wọ́n kúkú wá fagi lé IBA pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí Paris fi máa bẹ̀rẹ̀, IBA tí wọ́n ti lé jáde ń pariwo níta pé ọkùnrin ń jà láàárín obìnrin, IOC tó wà nínú ilé sì ní tàwọn ni pé ohun tó bá wà nínú páásípọ́ọ̀tù làwọn máa tẹ̀lé. Kò sẹ́ni tó ṣe òfin tuntun tó yanjú ọ̀rọ̀ yẹn kí àwọn ọmọ tó wọ ríìngì, ibẹ̀ ló sì ti bà jẹ́.

Ẹ ti rí ohun tójú àwọn ọmọ yẹn rí ní Paris. Lin jà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó borí lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, adájọ́ márààrùn-ún ló fún un. Svetlana Staneva ọmọ Bulgaria àti Esra Yıldız Kahraman ọmọ Tọ́kì fi ìka méjì ṣe àmì X lẹ́yìn tó nà wọ́n tán, ìyẹn kírómósómù XX táwọn obìnrin sábà máa ń ní, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tí wọ́n fi ń bú u. Ní August 10, 2024, ní Roland Garros, ó na Julia Szeremeta ọmọ Poland nínú fáínà. Ọmọ ogún ọdún ni Szeremeta nígbà yẹn, látọdún 1992 ni Poland ò ti gba mẹ́dàlì ẹ̀ṣẹ́ kankan ní Òlíńpíìkì, ayọ̀ ńlá ló yẹ kó jẹ́ fún un, àmọ́ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi í, ti ẹni tó na án ni. Wọ́n ba góòlù ẹnì kan jẹ́, wọ́n ba sílífà ẹnì kejì jẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹ̀ sí òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní kẹ́ẹ fi orúkọ Amy Broadhurst sọ́kàn. Ní 2022 ní Istanbul, nínú fáínà 63kg, òun ló na Khelif, ó sì gba góòlù àgbáyé. Nígbà tí ariwo Paris pọ̀, ó jáde sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò gbà pé Khelif ṣe màgòmágó kankan, ó ní bí wọ́n ṣe bí i náà nìyẹn, àti pé àwọn obìnrin ti nà án rí. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n torí òun gba ẹ̀ṣẹ́ ọ̀hún sójú.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba àwọn obìnrin tó ń béèrè fún àyẹ̀wò kì í ṣe ẹ̀rù asán, kò sì dáa káwọn èèyàn máa pè wọ́n ní ọ̀tá. Eré sísá kọ́ lèyí. Orí ni wọ́n ń lù. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde ní 2020, wọ́n ní agbára ọwọ́ ọkùnrin nínú bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ fi ìdá 162 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti obìnrin lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn lásán ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kò sí òbí tó máa fẹ́ kí ọmọbìnrin òun dúró níwájú irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìpín àwọn obìnrin ní ààlà, èmi fara mọ́ ọn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni bí wọ́n ṣe máa pa ààlà náà, ìgbà wo ni wọ́n máa kéde ẹ̀, ta ló sì máa sanwó ẹ̀.

Ibẹ̀ la ti dé ọ̀dọ̀ World Boxing. Àjọ tuntun ni, oṣù kẹrin 2023 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ́ má baà kúrò nínú Òlíńpíìkì pátápátá. IOC gbà wọ́n fúngbà díẹ̀ ní oṣù kejì 2025, oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé IOC ní ilẹ̀ Gíríìsì dìbò pé ẹ̀ṣẹ́ máa wà ní Los Angeles 2028. Ní May 30 ọdún yẹn kan náà ni World Boxing kéde pé gbogbo akànṣẹ́ tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún máa ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Inú ìkéde yẹn ni wọ́n ti dárúkọ Khelif, pé kò ní jà níbi ìdíje tó ń bọ̀ ní Eindhoven, ilẹ̀ Netherlands, títí tó fi máa ṣàyẹ̀wò. Àfi bíi pé wọ́n lu agogo mọ́ ọn lórí. Alága wọn nígbà yẹn, Boris van der Vorst, kọ lẹ́tà sí àjọ ẹ̀ṣẹ́ Algeria lẹ́yìn náà, ó tọrọ àforíjì pé kò yẹ káwọn dárúkọ ẹ̀. Àforíjì dé, ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde.

Àyẹ̀wò náà fúnra ẹ̀ ò le. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n gba itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, láàbù á wá jíìnì kan tó ń jẹ́ SRY nínú ẹ̀. Orí kírómósómù Y, èyí táwọn ọkùnrin sábà máa ń ní, ni jíìnì yìí sábà máa ń wà, òun ló máa ń sọ fún ọmọ inú oyún pé kó hu kórópọ̀n. Bí wọn ò bá rí i, ó ti tán, o lè jà láàárín àwọn obìnrin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ lo máa ṣe é. Bí wọ́n bá rí i, òfin World Boxing ò sọ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, wọ́n á fà ọ́ lé àwọn dókítà lọ́wọ́ kí wọ́n wo họ́mónù àti bí ara ẹ ṣe rí, torí àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ní jíìnì yẹn àmọ́ tí ara wọn ò lè lo họ́mónù ọkùnrin rárá, òfin náà gbà pé irú wọn lè jà. Àyè ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà wà níbẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ ìpele kejì yìí torí àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ kiri kì í dárúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe pàtàkì. Andrew Sinclair, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Australia tó ṣàwárí jíìnì SRY ní 1990, kọ̀wé ní 2025 pé wíwà jíìnì yẹn nìkan ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tàbí bóyá ara ń lo họ́mónù tó ń ti ibẹ̀ wá. Ìtàn náà sì wà. María José Martínez-Patiño, ọmọ Spain tó ń sá eré olóhun-ìdènà, lọ sí ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kobe ní 1985, wọ́n ṣàyẹ̀wò fún un, ibẹ̀ ni òun fúnra ẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òun ní kírómósómù Y. Ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n gba àwọn àmì ẹ̀yẹ ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un. Ọdún 1988 ni wọ́n tó gbà pé ara ẹ̀ ò lè lo họ́mónù ọkùnrin kankan, wọ́n dá a padà, àmọ́ ìgbà tó yẹ kó fi sáré jù ti kọjá. Ní Atlanta 1996, obìnrin mẹ́jọ ni àyẹ̀wò jíìnì mú, wọ́n wo ọ̀rọ̀ wọn dáadáa, gbogbo wọn ló sì kópa. Lẹ́yìn ìyẹn ni IOC pa àyẹ̀wò yẹn tì ní 1999. Ohun tí wọ́n pa tì yẹn ló tún padà dé báyìí, ti eléré sísá ti gbà á, ti ẹ̀ṣẹ́ náà ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ wá dé Liverpool. Oṣù kẹjọ, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní September 4, ni World Boxing fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé dandan ni àyẹ̀wò náà fún àwọn obìnrin tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀! Àjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kó lọ ṣètò ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Faransé, orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní láàbù, tó jẹ́ pé àwọn ló gbàlejò Òlíńpíìkì lọ́dún tó ṣáájú. Òfin ilẹ̀ wọn ò gbà kí wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ṣàìsàn, nítorí náà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti lọ gba tàwọn ọmọbìnrin márùn-ún, láàbù tí wọ́n gbé e fún ò sì tètè mú èsì wá. Gbèdéke kọjá. Wọ́n yọ àwọn márààrùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn kì í ṣe obìnrin, ìwé ló pẹ́. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á, torí bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí Faransé, ẹ rò ó wò ti orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àwọn eléré ìdárayá gan-an, ọjọ́ tó ku ọ̀la ni wọ́n máa ń rí i.

Lin ò lọ sí Liverpool. Ẹni tó gba góòlù Òlíńpíìkì ò sí níbẹ̀, Szeremeta tó gba sílífà lọ, ó tún dé fáínà, Jaismine ló bá pàdé, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún sì fún Jaismine. Ìjà tó dùn ni, Jaismine ga ju Szeremeta, ó fi ọwọ́ òsì lé e sẹ́yìn látìbẹ̀rẹ̀, Szeremeta ń wọlé ó ń jáde bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tó pọ̀ tó. Ó yẹ kí Jaismine gba ìyìn ju bó ṣe gbà lọ, ó gba góòlù ẹ̀ lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀, bí Lin náà ṣe gba tiẹ̀ ní Paris lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn.

Tiwa wá ńkọ́? 57kg kì í ṣe ilé àjèjì fún Nàìjíríà. Ní Birmingham, Elizabeth Oshoba gba sílífà níbẹ̀, Michaela Walsh ọmọ Northern Ireland ló na án nínú fáínà. Kẹ́ẹ ṣì rántí pé àwọn obìnrin ò jà ní Òlíńpíìkì rí títí di London 2012, wéètì mẹ́ta péré sì ni wọ́n fún wọn nígbà náà, 51, 60 àti 75, Edith Ogoke ló lọ fún wa ní 75. 57kg ò sí níbẹ̀ rárá, Tokyo ni wọ́n tó fi kún un. Ní Los Angeles, wéètì méje làwọn obìnrin máa ní, méje náà làwọn ọkùnrin máa ní, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dọ́gba nìyẹn. Ká tó débẹ̀, ìdíje Commonwealth wà ní Glasgow láti July 23 sí August 2, 2026, ẹ̀ṣẹ́ wà lára eré mẹ́wàá tí wọ́n mú.

Ìdíje yòówù tó bá wà lábẹ́ World Boxing, ẹni tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò ò ní wọ ríìngì obìnrin. Nítorí náà kóòṣì tó bá ní ọmọbìnrin tó ti pé méjìdínlógún, tó sì rí i pé ọmọ yẹn lè wọ tíìmù orílẹ̀-èdè, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àjọ ẹ̀ṣẹ́ báyìí, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n sí kámpù: láàbù wo lẹ máa lò, ta ló máa sanwó, ọjọ́ mélòó ni èsì máa gbà, ta ló máa rí èsì yẹn yàtọ̀ sí ọmọ náà, dókítà wo ló máa jókòó tì í bí èsì bá jáde lọ́nà tẹ́nì kankan ò retí. Kí wọ́n jẹ́ kí òbí ọmọ náà gbọ́ gbogbo ẹ̀ kó tó ya ẹnu. Ẹ sì gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ sọ́wọ́ ara yín.